Àpótí Bàbá Mi àti Ilé-iṣẹ́ Tí Èrè Rẹ̀ Ń Bí Èrè

Lábẹ́ ibùsùn bàbá mi ní ilé wa ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, àpótí onírin kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Olùkọ́ ni bàbá mi, kò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé tọ́jú. Nígbà tí ó jáde láyé ní ọdún 2003 tí a ṣí àpótí náà, a bá ìwé ilẹ̀ níbẹ̀, a bá ìwé ìrìbọmi gbogbo wa, a sì bá ìwé ẹ̀rí ìpín mẹ́fà tí ó rà lẹ́yìn òfin ọdún 1972 àti ti ọdún 1977, èyí tí ìjọba ológun fi pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń ṣòwò ní Nàìjíríà ta apá kan ohun-ìní wọn fún ọmọ ilẹ̀ yìí. Ìpín ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíà ni gbogbo èèyàn ń pè é ní Dùgbẹ̀.

Mo kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ bá àgbà alágbàtà ìpín kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Ilé Kòkó. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe Èkó lórí fóònù, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tò wọ́n sí ọ̀nà mẹ́ta lórí tábìlì. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò sí mọ́. Méjì jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n ń pín fún onípìn-ín kò tó nǹkan tí èèyàn ń kà. Ẹ̀kẹfà, èyí tí bàbá mi fi owó tó kéré jù lọ rà, ti bímọ. Ilé-iṣẹ́ náà ti fún àwọn onípìn-ín ní ìpín ẹ̀bùn léraléra, débi pé 200 ìpín tó wà lórí ìwé ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé, ìyẹn nìkan sì níye lórí ju gbogbo márùn-ún tó kù lọ.

Ìpín ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ kì í sọ ènìyàn di olówó. Bí a bá gé iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́rin, iṣu kan náà ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí wọ́n ti ń gé e ni iṣu náà ń tóbi sí i, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ju odindi rẹ̀ àtijọ́ lọ.

“Bàbá rẹ kò mọ èyí tí yóò so,” ni àgbà náà wí fún mi. “Ó gbin mẹ́fà, ọ̀kan so.”

Mo bi í pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Ǹjẹ́ ẹ̀yin ì bá ti dá a mọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún gbé ìwé ẹ̀kẹfà wò. “N kò lè mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, màá mọ díẹ̀.”

Díẹ̀ tí ó wí yẹn ni mo ti ń wá láti ìgbà náà, òun náà sì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé n kò tètè gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Ní ọdún 2007, nígbà tí gbogbo ìlú ń du fọ́ọ̀mù ìpín báǹkì, tí olùkọ́ àti oníṣòwò àti awakọ̀ ń tò sí ìlà kan náà, èmi náà yá owó, mo rà, láìka ojú ewé kan nínú ìwé báǹkì kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín Nàìjíríà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye àwọn ìpín lápapọ̀ ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, kọjá 66,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí 20,000. Ìpín tí mo rà jù lọ di òfo, gbèsè rẹ̀ kò di òfo, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi san án. Ọjà ìpín náà kò padà sí gíga tó wà yẹn títí di ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún 15, nígbà tí dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦117 ní ọdún 2008 ti kọjá ₦700. Ẹni tó ra gbogbo ọjà pọ̀ ní ọjọ́ tí kò dára, tó sì fi sùúrù dúró, kò rí nǹkan kan gbà fún sùúrù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí a sáà rà á kí a sì gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí. Ohun tí a fẹ́ dúró tì gbọ́dọ̀ yẹ ní dídúró tì.

Láti ojú fèrèsé alágbàtà yẹn, Ilé Kòkó ni èèyàn ń wò, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Àwòṣífìlà, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ rí òkè rẹ̀ yóò gbójú sókè títí fìlà yóò fi ṣí lórí rẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Àjà 26 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ilé náà, mo sì máa ń fi han àlejò pẹ̀lú ìdùnnú. Síbẹ̀, bó ti ga ní ọdún 1965 náà ló ga lónìí, bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó tó san owó rẹ̀ ń so lọ́dọọdún, tí èso rẹ̀ ń di igi, tí igi náà sì ń so. Ohun tó ga àti ohun tó ń ga kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó ga ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ra ìpín máa ń wò: orúkọ ńlá, ilé àwòyanu, ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n, èrè ọdún kan tó fò sókè.

Ẹ jẹ́ ká fi oko iṣu ṣe é. Àgbẹ̀ kan wa ọgọ́rùn-ún iṣu, ó jẹ ọgọ́ta, ó fi ogójì tó kù gé èbù. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà yóò bi í pé iṣu mélòó ló wà lọ́dún yìí. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ilẹ̀ wo ló fẹ́ gbin èbù yẹn sí. Bí ilẹ̀ ọlọ́ràá bá ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀, tí ebè tuntun ń so bí ebè àtijọ́ ti ń so, àgbẹ̀ yìí yóò di olóko ńlá láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé àpáta ló kù, ó sàn kó ta èbù náà jẹ ju kó lọ fi í rọ́ sínú àpáta.

Báyìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ rí. Gbà pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí ₦100 tí àwọn onípìn-ín ní nínú rẹ̀ ń mú ₦25 wá lọ́dún, tó ń pín ₦10 nínú rẹ̀, tó sì ń dá ₦15 padà sínú iṣẹ́. Bí ₦15 tuntun yẹn bá ń mú èrè wá bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀, owó onípìn-ín nínú ilé-iṣẹ́ náà yóò máa fi ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ₦100 yóò sì ti kọjá ₦1,600 lẹ́yìn ogún ọdún, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti pín fún un. Bí ilé-iṣẹ́ kan náà kò bá rí ibi tí ó lè fi ju ₦5 sí lọ́dún lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦265 ni yóò dé láàárín ogún ọdún yẹn. Èrè ọdún àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Ẹni tó bá wo èrè ọdún yẹn nìkan kò lè mọ èyí tí yóò di igbó nínú wọn.

Ohun mìíràn tó ń fara pamọ́ nínú èrè tó ń bí èrè ni pé kì í yá ní ìbẹ̀rẹ̀. ₦100,000 tó ń fi ìdá 20 nínú 100 dàgbà lọ́dọọdún yóò di ₦248,832 ní ọdún karùn-ún, ₦619,174 ní ọdún kẹwàá, àti nǹkan bí ₦3,833,760 ní ogún ọdún. Ó lé ní ìdá 80 nínú 100 gbogbo rẹ̀ tó jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ìkẹyìn ló mú un wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń ta ìpín rere ní ọdún kẹta nítorí pé kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọdún kẹta kọ́ ni wọ́n bá a dá àdéhùn.

Ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń so dáadáa kò ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Èyí tó tún ní ilẹ̀ tó kù láti gbìn sí ló ṣọ̀wọ́n. Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn ni See's Candies ní California, tó ń ṣe ṣokoléètì, ìyẹn kòkó bíi tiwa tó lọ di ọrọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Ní ọdún 1972, Warren Buffett àti Charlie Munger, àwọn olùdókòwò ará Amẹ́ríkà, fi ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń darí rà á ní 25 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà náà, mílíọ̀nù dọ́là mẹ́jọ péré ni owó tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, èrè rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí kò sì tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ní ọdún 2007, owó tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ 40 mílíọ̀nù, èrè ọdún náà sì jẹ́ 82 mílíọ̀nù. Láàárín ọdún 35 yẹn, èrè tó mú wá, kí owó orí tó kúrò, jẹ́ 1.35 bílíọ̀nù dọ́là, mílíọ̀nù 32 péré ni ó sì nílò láti fi gbòòrò sí i. Ẹ rò ó wò. Oko kékeré ni, ilẹ̀ tó yí i ká kò pọ̀, nítorí pé àwọn tó mọ adùn ṣokoléètì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́yìn ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín kò fi ipá gbin èbù rẹ̀ sí àpáta. Wọ́n kó irè náà, wọ́n lọ fi ra oko mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí èmi fà yọ níbẹ̀ fún àwa onípìn-ín kékeré ni pé ilé-iṣẹ́ tí kò ní ilẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ pín èrè rẹ̀ fún wa, kí àwa fúnra wa lọ gbìn ín síbòmíràn. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó jèrè púpọ̀ nínú iṣẹ́ kan tó mọ̀, tó wá fi owó náà lọ dá òtẹ́ẹ̀lì àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti oko adìyẹ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá fẹ́ kí orúkọ òun kàn.

Láti rí èyí tó ṣì ní ilẹ̀ ní Nàìjíríà, mo máa ń wo àwọn olóko ọ̀pẹ tó wà lórí ọjà ìpín, bíi Okomu àti Presco ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọ̀pẹ ń bẹ̀rẹ̀ sí so ní nǹkan bí ọdún kẹta sí ìkẹrin, ó sì lè so dáadáa fún ọdún 25. Nítorí náà, ní ọdún tí wọ́n bá gbin púpọ̀, owó ló ń jáde, èrè kò tíì yọjú, ẹni tí kò sì mọ ọ̀ràn oko yóò ní ilé-iṣẹ́ náà ń ṣubú. Nàìjíríà kò rí epo pupa tó ìlò rẹ̀, ó ṣì ń ra apá kan láti òkèèrè, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ní ọ̀pẹ tó ń so kò ní wá oníbàárà tì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ rà wọ́n ní iyekíye tí wọ́n bá pè é. Àpẹẹrẹ ilẹ̀ tó kù ni mo ń fi wọ́n ṣe.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ pé èrè gíga tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ kò ní pòórá lọ́la, nígbà tí ẹlòmíràn bá rí i tó sì ṣí irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ìyá kan wà ní Bódìjà tí mo ti ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀lùbọ́ láti Òkè-Ògùn gbówó lórí, ó fowó kún àmàlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́wàá.

Mo ní, “Ìyá, ẹ tún ti fowó kún un.”

“Ọmọ mi, ẹ̀lùbọ́ ló fowó kún un, kì í ṣe èmi. Ṣé o fẹ́ lọ síbòmíràn ni?”

N kò lọ. Àwọn tó wà níwájú mi lórí ìlà náà kò lọ. Obìnrin kan tó ń ta tirẹ̀ ní ìsọ̀ kejì kò lè fowó kún un, ó dín òkèlè kù dípò rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ sì tú ká kí ọdún tó parí. Àwọn méjèèjì ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́jà kan náà, wọ́n ń dáná nínú òógùn kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lè yan iye tí yóò tà, èkejì ń gba ohun tí wọ́n bá fún un. Nígbà tí mo bá ka ìwé ilé-iṣẹ́, ohun kan tí mo máa ń wá nìyí: ní ọdún tí ohun èlò gbówó lórí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ohun tó kù lọ́wọ́ wọn nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà? Bí ₦40 bá ń kù lẹ́yìn owó ohun èlò ní ọdún tí nǹkan rọ̀, tí ₦38 ń kù ní ọdún tí nǹkan le, ìyá alámàlà mi nìyẹn. Bí ó bá já sí ₦15, ìsọ̀ kejì ni.

Ọ̀wọ́ngógó ọjà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀ tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìdókòwò ní ilẹ̀ òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí, tí àwa kò sì gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ní Nàìjíríà jẹ́ ìdá 34.8 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ tó bá kéde ní ọdún bẹ́ẹ̀ pé owó ọjà òun fi ìdá 30 lọ sókè lè jẹ́ pé ọjà tó tà kéré sí ti ọdún tó kọjá. Mo ti rí ìròyìn ọdọọdún tí alága fi ojú ewé méjì yin ìdàgbàsókè tó jẹ́ pé náírà tó ń rù ló fà á. Nítorí náà, mo máa ń wá ohun tí a lè kà lọ́wọ́. Dangote Cement a máa tẹ iye tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì tó tà síta, MTN a máa tẹ iye ènìyàn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan kò bá sọ iye àpò, iye páálí tàbí iye oníbàárà rẹ̀ níbikíbi, mo máa ń pín owó ọjà rẹ̀ sí ọ̀wọ́ngógó ọdún náà fúnra mi láti mọ ohun tó kù.

Àwọn baba ńlá wa mọ èrè orí ìwé yàtọ̀ sí èrè ọwọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tà aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ tí èèyàn ti gbé lọ tí kò tíì san owó rẹ̀ kò tíì di títà. Ilé-iṣẹ́ òde òní a máa kọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrè, òfin ìṣirò owó sì gbà wọ́n láàyè. Nínú ìwé ọdọọdún, ojú ewé kan wà tó ń fi owó tó wọlé gan-an nínú iṣẹ́ hàn, ọ̀tọ̀ sí ojú ewé èrè. Mo máa ń kó ọdún márùn-ún pọ̀, mo fi àròpọ̀ èrè síbì kan, mo fi àròpọ̀ owó tó wọlé síbì kejì. Bí owó tó wọlé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè tàbí tó jù ú lọ, ọkàn mi balẹ̀. Bí èrè bá ń pọ̀ lọ́dọọdún tí owó kò wọlé, tí gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n ń ga bí òkè, mo máa ń pa ìwé náà dé. Ìṣirò yìí nìkan, ká ní mo ṣe é ní ọdún 2007, kò bá ti gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ti báǹkì tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó tó yá àwọn ènìyàn ni ọjà rẹ̀, ẹni tó wà lóde kì í sì tètè mọ èyí tí kò ní padà.

Gbèsè ni ibi tí mo ti rí i tí ilé-iṣẹ́ rere kọsẹ̀ jù lọ, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá ní orúkọ fún ayánilówó tí èlé rẹ̀ burú: sogúndogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì. Ohun tí a ń wá pé kó ṣe fún wa nínú ìpín, òun náà ni gbèsè ń ṣe sí ẹni tó jẹ ẹ́, èlé ń gorí èlé. Gbèsè tí a jẹ ní dọ́là, nígbà tí náírà là ń pa, ni sogúndogójì tí ó le jù ní ìgbà tiwa. Nestlé Nigeria ní ohun tí gbogbo ìyàwó ilé mọ̀, Milo àti Maggi, ó sì wà lára àwọn tó ń pín èrè jù lọ lórí ọjà ìpín wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦470 kọjá ₦900 kí ọdún náà tó parí, ó sì kọjá ₦1,500 ní ìparí ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè ní owó òkèèrè. Ó pàdánù ₦79.5 bílíọ̀nù ní ọdún 2023 àti ₦164.6 bílíọ̀nù ní ọdún 2024, nígbà tó jẹ́ pé owó ọjà rẹ̀ lọ sókè láti nǹkan bí ₦547 bílíọ̀nù sí nǹkan bí ₦959 bílíọ̀nù láàárín ọdún méjèèjì yẹn. Nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2025 ó tún padà sí èrè. Nigerian Breweries, tó ti ń pọn bíà ní Ìbàdàn níhìn-ín láti ọdún 1982, pàdánù nǹkan bí ₦106 bílíọ̀nù ní 2023, ó sì ní láti bẹ àwọn onípìn-ín rẹ̀ fún nǹkan bí ₦600 bílíọ̀nù ní ọdún 2024 kí ó lè san gbèsè.

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tó dá Milo mímu dúró. Oko náà dára, ilẹ̀ rẹ̀ dára, àwọn tó ń ro ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n onípìn-ín tó ti ń gba èrè rẹ̀ lọ́dọọdún wá lo ọdún méjì láìrí kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣí ìwé ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé gbèsè ni mo kọ́kọ́ ń kà, pàápàá ìlà tó ń sọ irú owó tí wọ́n jẹ ẹ́ sí, kí n tó wo ojú ewé èrè.

Nípa àwọn tó ń darí ilé-iṣẹ́, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ, nítorí pé ẹnu wọn máa ń dùn bákan náà. Nǹkan kan ni mo máa ń kà: iye ìpín tó wà níta. Ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́wàá, tó sì ta ìpín tuntun fún àwọn ẹlòmíràn títí iye ìpín rẹ̀ náà fi di ìlọ́po méjì, kò fi nǹkan kan kún tìrẹ. Wọ́n kàn pe àlejò púpọ̀ sí oúnjẹ ni.

Iye tí a rà á náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ra ìpín Microsoft ní ìparí ọdún 1999 dúró títí di ọdún 2016 kó tó rí i kí ìpín náà padà sí iye tó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ilé-iṣẹ́ náà ti lé ní ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ní ọdún 1999. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Òun ló san owó ogún ọdún ṣíwájú. Èmi kì í rà bí iye tí wọ́n ń pè bá ti ju èrè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àyàfi bí mo bá rí ilẹ̀ tó kù kedere, mo sì ti pàdánù àwọn kan tó dára nítorí òfin yìí. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé àjákọ kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, ojú ewé kan fún ilé-iṣẹ́ kan. Ní òkè ojú ewé, mo máa ń kọ ìdí tí mo fi rà á, ní gbólóhùn méjì péré, kí n má baà lè yí i padà lọ́kàn mi nígbà tó bá yá. Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin fún ọdún kọ̀ọ̀kan: ohun tí ₦100 onípìn-ín mú wá, owó tó wọlé gan-an, gbèsè àti irú owó tó jẹ́, àti iye ìpín tó wà níta. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó lè mú kí n tà á ni pé kí gbólóhùn méjì òkè yẹn má jẹ́ òótọ́ mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tà á láìbojú wẹ̀yìn.

Ìpín kẹfà tó wà nínú àpótí bàbá mi ṣì wà nínú ilé. Kò sí lórí pépà mọ́, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo dá ìwé àtijọ́ náà padà sínú àpótí onírin, nítorí pé ọwọ́ bàbá mi ló kọ orúkọ sí i lẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá tó kọjá, ọmọbìnrin mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àkókò kò tíì tó láti tà á, níwọ̀n bí iye rẹ̀ ti lọ sókè gan-an. Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ hàn án, ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sí i, mo sì fi hàn án pé láti ọdún mẹ́ta wá, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ tó kù ti ń tán. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ti ọdún yìí náà.” Àárín oṣù kẹta ni ìròyìn náà máa ń jáde. Àlàfo rẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé, òun ni yóò sì kọ ọ́.